Ta Ni Ó Ni Owó Inú Báǹkì?

Láti ọwọ́ Ọmọ Odídẹrẹ́, Ìwó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lábẹ́ àtíbàbà ní ọjà Odò-Orí àti ní gbogbo abà tí ó yí Ìwó ká, ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Kì í ṣe owó tí a kò ní ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe èyí tí a ní, tí a fi ọwọ́ ara wa gbé fún ẹlòmíràn pa mọ́, tí a kò sì bèèrè rí ohun tí ó ń fi í ṣe.

Ní ọjọ́ ọjà kan láìpẹ́ yìí, bàbá àgbẹ̀ kan tí ó ti tó bàbá bí mi lọ́mọ na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ta kòkó, wọ́n san owó rẹ̀ sí báǹkì, ó sì fi owó náà sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe. Mo kà á fún un. Wọ́n yọ ₦6 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi fóònù jẹ́ fún un pé owó wọlé. Wọ́n yọ ₦25 nítorí pé ó fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ₦50 mìíràn sì tẹ̀lé e. Wọ́n yọ ₦100 nítorí pé ó fi káàdì gba ₦20,000 lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì mìíràn. Bàbá dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Tíṣà, ẹni tí mo gbé ẹrù mi fún pé kí ó bá mi pa á mọ́, ṣé èmi náà ni n óò tún máa sanwó ilẹ̀kùn rẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí, sà." Ó ní, "Òfin ta ni?"

Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Kí a má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe gbogbo owó wọ̀nyí ni ó ń wọ àpò báǹkì. ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ tí ó bá tó ₦10,000 sókè, ti ìjọba ni. Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ni ó sì fi ọwọ́ sí àwọn yòókù. Báǹkì Àpapọ̀ yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di òfin pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹni tí ó bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò máa san ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ṣáájú ìgbà náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé ọ̀dọ̀ ilé báǹkì kan pàtó ni kí bàbá náà máa kó owó rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yan ibẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí: ẹni tí ó yan ibì kan lè yan ibòmíràn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá sì yan ibòmíràn ní ọjọ́ kan náà, etí ọ̀gá báǹkì yóò là.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ni èyí, pé àgbẹ̀ kò lè bá báǹkì jà. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa yìí.

Ní ọdún 1894 ni báǹkì àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Bank of British West Africa fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster, tí Alfred Jones jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Títí di ọdún 1912 tí a dá ìgbìmọ̀ owó ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, báǹkì yìí ni ó ń kó owó fàdákà wọ ìlú, àwọn oníṣòwò òyìnbó mìíràn pàápàá sì ń kùn sí i. Ní ọdún 1917 èkejì rẹ̀ dé, èyí tí ó di Barclays ní ọdún 1925. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n jọ pín ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń gba owó pamọ́ lọ́wọ́ ẹni dúdú láìwo àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni dúdú bá wá yá owó, ìgbà náà ni wọn yóò rí i pé ó dúdú. Wọ́n á bèèrè ohun tí yóò fi dógò. Bí ó bá dárúkọ oko kòkó rẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ ẹbí ni, kò ní ìwé. Owó tí wọn kò bá sì lò fún àwọn oníṣòwò tiwọn níhìn-ín, London ni wọ́n ń kó o lọ, kí ó lè máa bí ọmọ fún wọn níbẹ̀. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń yá òyìnbó lówó láìmọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó èlé àdúgbò rẹ̀.

Àwọn bàbá wa kò kàn jókòó kí wọ́n máa sunkún. Ní ọdún 1929 wọ́n dá báǹkì kan sílẹ̀, nínú èyí tí Tete-Ansa ọmọ Gold Coast kó ipa pàtàkì. Ó wó láìpẹ́. Wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní ọdún 1931. Èyí pẹ̀lú ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1936. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1933, Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, ẹsẹ̀ èyí sì ranlẹ̀. Dókítà Májà yìí kan náà ni ó wá di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1940, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní ìwé owó ní National Bank ti sọ èrò rẹ̀ nípa ìjọba amúnisìn láìla ẹnu. Ní ọdún 1945 Mathew Okupe dá Agbọ́nmágbẹ Bank sílẹ̀. Ní ọdún 1948 Nnamdi Azikiwe dá African Continental Bank sílẹ̀. Ní ọdún 1953 àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ dá báǹkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí a ń pè ní Báǹkì Àwọn Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n dá èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn sílẹ̀ kì í ṣe lọ́yà, wọn kì í sì í ṣe dókítà. Àwọn tí ó ń sá kòkó sórí ẹní ni.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní ọdún 1937. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ń ra kòkó, tí UAC àti Cadbury wà nínú wọn, fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa san, kí ẹnì kankan má bàa san ju ẹnì kejì lọ, àwọn àgbẹ̀ ká kòkó wọn pamọ́. Wọn kò tà á, wọn kò sì ra aṣọ àti ọṣẹ òyìnbó, láti oṣù kẹwàá ọdún náà títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Ìjọba ní London ni ó rán ìgbìmọ̀ wá bẹ àwọn méjèèjì wò. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ ogun.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí a wò fínnífínní ni ti Barclays, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣe. Ní ìparí ọdún 1976, ẹ̀ka Barclays ní Gúúsù Áfíríkà fi mílíọ̀nù mẹ́wàá owó ràńdì ilẹ̀ ibẹ̀ ra ìwé gbèsè tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbé jáde láti fi gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Soweto. Owó wo ni Barclays ń lò? Owó àwọn tí ó gbé owó fún un pamọ́ ni, ẹni dúdú àti ẹni funfun. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba kó owó wọn kúrò ní Barclays ti Nàìjíríà, kí a sì dín iye àwọn òyìnbó tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1979, orúkọ Barclays ti kúrò lára ilé náà pátápátá. Union Bank ni wọ́n kọ sí i. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni ti ọdún 1894 di First Bank. Àwọn tí ó tó ọjọ́ orí mi yóò rántí bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà láti yọ pátákó ìgbàanì.

Ìjọba ni ó ṣe èyí, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìjọba. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé báǹkì náà, wọ́n ń fún ọmọ ilé ìwé tuntun ní ìwé pélébé pé kí ó má ṣe ṣí ìwé owó rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kan àti àwọn ìjọ kan kó owó tiwọn kúrò. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Owó ọmọ ilé ìwé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n báǹkì mọ̀ pé ibi tí ọ̀dọ́ bá kọ́kọ́ fi owó sí ni yóò máa fi sí títí yóò fi di ọ̀gá, tí yóò ra ilé, tí yóò ra ọkọ̀. Ẹni tí ó pàdánù ọmọ ogún ọdún, ó ti pàdánù ẹni ogójì ọdún. Ìjà náà gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986 Barclays ta ìpín rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì jáde. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀ràn òwò ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀ràn òṣèlú. Inú mi dùn sí èsì yẹn ju ẹ̀bẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí a ń wí náà nìyẹn: a kò ní kí báǹkì ronú pìwà dà, a ní kí ìwà burúkú rẹ̀ di òwò tí kò pé.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ọdún 2011, Bank of America sọ pé òun yóò máa gba dọ́là márùn-ún lóṣooṣù lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń fi káàdì rajà. Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n dá ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá tí wọn yóò kó owó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí ọjọ́ náà tó pé, báǹkì ti fagi lé owó náà.

Ní báyìí, ó kù fún mi láti sọ èyí tí kò dùn mọ́ni, nítorí pé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí kò bá lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ òótọ́, ìwé tí a fi ń di àkàrà ni. Kí ni ó dé bá àwọn báǹkì tí àwọn bàbá wa dá sílẹ̀? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn báǹkì tuntun ti ọmọ ilẹ̀ wa hù bí olú, púpọ̀ nínú wọn sì ti wó kí ọdún 1954 tó parí, wọ́n sì gbé owó àwọn tálákà lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin báǹkì àkọ́kọ́ fi jáde ní ọdún 1952. National Bank kò wó nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kó owó ìgbìmọ̀ tí ó ń ta kòkó sínú rẹ̀, àwọn olóṣèlú sì sọ ọ́ di àpò ara wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ní ọdún 1962 tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta. Ohun kan náà ni ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ti ṣe ní ọdún 1956 lórí African Continental Bank, nítorí náà kí apá kan má ṣe fi apá kejì rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ńlá yá owó, wọn kò dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì lè bi wọ́n léèrè nítorí pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. National Bank kú sínú Wema ní ọdún 2005, Wema tí í ṣe Agbọ́nmágbẹ àná. Báǹkì àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí kòkó kọ́, ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ mẹ́rin mìíràn láti di Skye Bank ní àkókò kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Skye, ó sì dá Polaris sílẹ̀ dípò rẹ̀. Mo mọ àwọn àgbàlagbà ní Ìwó tí wọn kò tíì gbà gbọ́ pé báǹkì àwọn kò sí mọ́.

Nítorí náà n kò wá sọ fún yín pé kí ẹ kó owó yín kúrò lọ́dọ̀ àjèjì kí ẹ kó o fún ọmọ ìyá yín láìbèèrè. Àwọ̀ ọ̀gá báǹkì kò sọ ìwà rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn ọ̀gá báǹkì márùn-ún tí Báǹkì Àpapọ̀ yọ lóyè ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ń yọ ₦6.

Kí a wá yà sí ọ̀rọ̀ àwọn adójútòfò, nítorí pé níbẹ̀ ni bàtà ti ta èmi fúnra mi. Láti ọdún 1921 tí Royal Exchange ti ṣí ilé iṣẹ́ sí Èkó, ẹrù oníṣòwò ni wọ́n wá dójú òfò fún, kì í ṣe abà àgbẹ̀. Ní ọdún 1987 ni ìjọba dá ètò adójútòfò àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bá àgbẹ̀ san lára owó rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo yá owó láti fi kọ́ àká àgbàdo. Ẹni tí ó yá mi lówó ní mo gbọ́dọ̀ san owó adójútòfò, ó sì yọ ọ́ nínú owó náà kí n tó fọwọ́ kàn án. Ní àkókò ọyẹ́, iná jó àká náà tòun ti àgbàdo. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣí ìwé kan, ó fi ìka tọ́ ojú ewé kẹrin hàn mí: iná tí ó bá ti inú igbó wá, wọn kì í sanwó rẹ̀. Mo bi í pé, ibo ni iná ti ń wá bá abà bí kò ṣe inú igbó? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́ ni òun kọ ìwé náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A kò lè sọ pé a kò ní bá adójútòfò ṣe mọ́, nítorí pé òfin sọ pé ẹni tí ó bá gun ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé rẹ̀; láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ₦5,000 sí ₦15,000. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ilé iṣẹ́ tí a ó ti rà á. A ka iye ọkọ̀ àti alùpùpù tí ó wà nínú ẹgbẹ́, a kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ náà, a sọ ìdí rẹ̀, nígbà tí ọdún yí po, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Oṣù kejì ni ọ̀gá kan gun alùpùpù wá sí abà láti bèèrè ohun tí a ṣe tí inú fi bí wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni láti ilé iṣẹ́ náà máa rí ibi tí àká mi wà. Kí n má tàn yín: wọn kò san kọ́bọ̀ fún mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń tà ní agbègbè wa nísinsìnyí, wọ́n ti ń ka ojú ewé kẹrin fún ènìyàn ní èdè Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka.

Ẹ̀rí mìíràn wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní Ìwó ni ó ti ń kọ owó èlé láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n á fi owó sí báǹkì, wọn kò sì ní í gba èlé orí rẹ̀. Àwọn báǹkì kò ka èyí sí nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí èlé ní ọdún 2012, TAJBank tẹ̀lé e ní ọdún 2019, Lotus ní ọdún 2021, àwọn báǹkì àtijọ́ kan náà sì ti ń sáré ṣí ẹ̀ka tí kò ní èlé. Kò sí ẹni tí ó fi tipátipá mú wọn. Wọ́n rí i pé owó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn láìwọlé ni.

Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìwó nìyí. Kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn ìyálọ́jà, àwọn olùkọ́ àti àwọn awakọ̀ fi orúkọ ara wọn kọ ìwé kan ṣoṣo sí àwọn báǹkì tí a ń bá lò. Kí a béèrè pé kí wọ́n lẹ gbogbo owó tí wọ́n ń yọ mọ́ ara ògiri ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí a béèrè pé kí ẹ̀yáwó àgbẹ̀ máa di sísan ní àkókò ìkórè, kì í ṣe lóṣooṣù bí ẹni pé kòkó ń gba owó oṣù. Kí a béèrè pé kí ẹni tí yóò bá tẹ̀ka sí ìwé adójútòfò gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí ó yé e. Kí a fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Èyí tí kò bá dáhùn nínú wọn, kí a kó owó ẹgbẹ́ wa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ní ojú mọmọ, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí a kó o lọ sí ọ̀dọ̀ èyí tí ó bá dáhùn.

Ẹni tí ó jẹ báǹkì ní gbèsè, kí ó dúró kí ó san án tán. A kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé oko ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ wa. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé báǹkì kan fẹ́ wó. Irọ́ ni, ó sì lè sọ opó tí kò mọ ohunkóhun di aláìní. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ pé kí a kúkú padà sí ìkòkò abẹ́ ibùsùn. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò ní í jẹ́ owó mọ́, tí àwọn tí ó ní owó nínú ìkòkò ń sunkún, tí àwọn tí ó ní i ní báǹkì pẹ̀lú sì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó dá owó àtijọ́ padà fún wa títí di ìparí ọdún náà. Ìkòkò kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ààbò wà kí a tó ṣí lọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, bí báǹkì ńlá bá wó, ilé iṣẹ́ NDIC ti ìjọba yóò san owó ẹni padà dé ₦5,000,000. Ti báǹkì kéékèèké àdúgbò kò ju ₦2,000,000 lọ. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Heritage Bank wó, a sì rí i bí ọwọ́ ìjọba ṣe tó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sí lábẹ́ ààbò yìí rárá. Ìwà akọ̀wé àti akápò wa nìkan ni ààbò tí ó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tí kò bá ka ìwé owó rẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, kí ó má ṣe pe báǹkì lẹ́jọ́. Bí olóṣèlú kan bá sì dìde lọ́la pé òun ti dá báǹkì sílẹ̀ fún wa, ìyẹn ẹgbẹ́ wa tàbí ẹgbẹ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ni yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò.

Wọ́n ní Ìwó kéré, pé owó wa dà bí omi ìrì lójú àwọn ọ̀gá ní Èkó. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, bí wọ́n ṣe ń wọ ọjà Odò-Orí nínú oòrùn pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí wọ́n ń bẹ ìyá elépo pé kí ó jọ̀wọ́ fi owó sí ọ̀dọ̀ àwọn, nítorí pé ọ̀gá wọn ti sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú wálé kí oṣù tó parí. Èmi ti rí ọmọ mi kan, tí mo kọ́ ní ìwé, tí omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí iye náà. Kò sí ẹni tí ó ń wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò níye lórí.

Ìpàdé ẹ̀ka wa yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ní àkókò tí a ń ṣe é. Kí olúkúlùkù mú ìwé owó rẹ̀ wá, àti ìwé adójútòfò ọkọ̀ tàbí alùpùpù rẹ̀, kí a jọ kà á. Ẹni tí kò mọ ìwé kà, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kà dání. Bàbá tí ó bi mí léèrè òfin ta ni ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, òun kò sì ní í pa fóònù òun kí òun tó dé.